Ẹ Bá Wa Pe Onílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ yẹn dé, pé ṣé ejẹ́ńtì ilé ni mo máa ṣe àbí kí n máa fowó ra ilé kí n sì máa gbowó lórí ẹ̀, ẹ jókòó. Mo ti ṣe méjèèjì. Lọ́jọ́ kan náà. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí ilẹ̀kùn ẹ̀ tì mọ́ wa lórí.

Ẹ ṣáà mọ bí mo ṣe rí. Bí wọ́n bá gbé nǹkan méjì síwájú mi, ọwọ́ méjèèjì ni mo máa ń nà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti là á yé mi: ejẹ́ńtì ń ta ẹsẹ̀ ẹ̀ àti ẹnu ẹ̀ ni, tí wọn ò bá sì tíì fọwọ́ síwèé, kò sówó, ìbáà fi ilé náà han gbogbo ayé. Onílé ní tiẹ̀, owó ló rán níṣẹ́, àmọ́ owó tó bá ti di ilé, kò ṣeé pè padà wálé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo gbọ́, mo mirí. Mo yáwó ní báńkì, mo ra ilé kékeré kan, mo sì fi ara mi ṣe ejẹ́ńtì ẹ̀. Kọ́míṣàn tí mi ò san fún ẹlòmíì, èmi náà ló kù sí lọ́wọ́. Mo kó owó kúrò nínú àpò òsì sínú àpò ọ̀tún, mo wá ń rẹ́rìn-ín pé mo jèrè.

Ẹ má rò pé mi ò kàwé o. Mo mọ ìwọ̀n tí àwọn tó ń ra ilé máa ń lò, pé ó yẹ kí owó tí ilé ń mú wá lóṣù tó ìdá 1 nínú 100 iye tí wọ́n rà á. Mo mọ èyí tó ní kí èèyàn ka ìdajì owó ilé sí èyí tó ti lọ, nítorí àtúnṣe, owó orí, adójútòfò àti àwọn oṣù tí ilé á ṣófo, kó tó wá kan gbèsè báńkì. Ẹ jí mi lóru, mo lè ṣàlàyé ohun tó wó Lehman Brothers, báńkì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn, lulẹ̀ lọ́dún 2008. Ohun tó ń ṣe hándù ilẹ̀kùn yàrá inú nílé ara mi nìkan ni mi ò mọ̀. Èmi tí mo máa ń kìlọ̀ fún oníbàárà pé kí wọ́n má ra ilé láìjẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó kàn mí, mo ní kí ló fẹ́ sọ fún mi?

Tọkọtaya kan wá wo ilé, wọ́n mú ìyá ìyàwó dání. Ẹni tó bá ti ṣe ejẹ́ńtì rí mọ̀ pé bí ìyá bá ti tẹ̀ lé wọn, tọkọtaya ò sí níbẹ̀ mọ́, ìyá lẹ̀ ń bá ṣòwò. Àtẹnu géètì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú onílé. Iṣẹ́ ni, ayálégbé máa ń fẹ́ràn ejẹ́ńtì tó bá bá wọn bú onílé.

Mo ní, "Màmá, onílé yìí le díẹ̀ o. Ahun ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀."

Mo ní kì í gbé fóònù. Mo ní kò mọ̀ ju owó lọ. Ó wá ń dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹni tí mò ń bú.

Màmá ní, "Irú èèyàn wo nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà fún un, mà."

La bá dé yàrá inú. Mo ti ilẹ̀kùn kí wọ́n lè gbọ́ bí ibẹ̀ ṣe pa rọ́rọ́. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní lóòótọ́, ó pa rọ́rọ́. Mo yíjú padà láti ṣílẹ̀kùn, hándù bá tẹ̀ lé mi. Kò já o, kò ké, ó kàn tẹ̀ lé mi wọ́ọ́rọ́wọ́, bí eyín ọmọdé tó ti ń mì tipẹ́.

Ejẹ́ńtì gidi kì í dá ọ̀rọ̀ dúró. Mo na hándù sí fèrèsé, mo ní ẹ wo ìmọ́lẹ̀. Mo nà á sí àjà, mo ní ẹ wo bó ṣe ga. Mo nà á sí irin ojú fèrèsé tí mo ti yìn tẹ́lẹ̀ pé olè ò lè gbabẹ̀ wọlé; ó wá yé gbogbo wa pé ọmọlúàbí náà ò lè gbabẹ̀ jáde. Mo fi hándù yẹn ṣàlàyé yàrá náà tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti igun àkọ́kọ́.

Ọkọ ìyàwó ní, "Bọ̀dá, ṣé ilẹ̀kùn yẹn á ṣí?"

Màmá ní, "Pe onílé kó wá ṣí i."

Mo ní kì í gbé fóònù, mà.

"Pè é, kó má gbé e lójú wa."

Ẹ wò ó, nǹkan tó pa mí nìyí. Nígbà tí mo di onílé, mo ti ra fóònù kejì, kí ayálégbé má bàa máa da iṣẹ́ ejẹ́ńtì mi rú. Ohùn àkùkọ ni mo fi sí i, kí n lè dá a mọ̀. Mo tẹ nọ́ńbà onílé. Àkùkọ bá kọ nínú ṣòkòtò mi.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àkùkọ tún kọ.

Ẹlòmíì á jẹ́wọ́. Èmi gbé e. Mo gbé fóònù kan sétí ọ̀tún, mo gbé ìkejì sétí òsì, mo ní, "Ẹ káàsán, sà." Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ hándù fún un, mo ní àgbàlagbà wà lọ́dọ̀ wa. Ohùn ara mi sì ń padà wá sí mi létí kejì, pẹ̀lú ìdádúró díẹ̀, bíi pé onílé ń sín mi jẹ.

Màmá ní, "Ọmọ mi, kí ló wí?"

"Ó ní òun ń bọ̀, mà."

"Láti àpò wo?"

Àwọn tí mo fẹ́ bá jà gan-an ni àwọn tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé owó ilé á máa wọlé bí o ṣe ń sùn. Mi ò tíì rí èyí tó ya fọ́tò tòun ti sípánà lọ́wọ́. Eyín funfun, àtẹ́lẹwọ́ múlọ́múlọ́. Wọn ò sọ pé ayálégbé ló máa jí ẹ nígbà tí páìpù bá bẹ́. Bí ilé bá sì ń pawó fún wọn tó bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń fi owó ẹ̀kọ́ tèmi ṣe? Mo san án, ẹ má bi mí. Mo sanwó apá kejì náà.

Màmá gba hándù lọ́wọ́ mi, ó ki irin ẹ̀ bọ ihò, ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn ṣí. Hándù tí mo ti fi ń tọ́ka káàkiri láti àárọ̀!

Èmi rò pé wọ́n á lọ ni. Rárá o, ilé wù wọ́n. Màmá wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní òun mọ̀ pé ejẹ́ńtì tí ilé bá jẹ́ tiẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún oníbàárà, òfin iṣẹ́ wa ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Òótọ́ sì ni. Ó ní nítorí náà kò sí ejẹ́ńtì lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ò ní san kọ́míṣàn kankan.

Mo ní kò burú, mà.

Ó ní, "Ó wá ku ti onílé. Ahun tí o sọ yẹn, bá wa bẹ̀ ẹ́ kó yọ nǹkan kúrò lórí owó ilé. Ìwọ lo kúkú ní o mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀."

Ni mo bá yíjú sí ògiri, mo bá a sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi gbà.