Igba Dọ́là fún Omi Gbígbóná

Àbúrò mi obìnrin pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Kò tíì kí mi tán tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, sípà inú ọkọ̀ ojú omi yẹn, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n san tèmi mọ́ ọn?"

Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Houston ló fẹ́ mú un lọ sórí òkun fún ọjọ́ méje, láti Miami. Wọ́n ti sanwó ọkọ̀, wọ́n ti rí i pé físà rẹ̀ jẹ́ èyí tó lè fi wọ Amẹ́ríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ (ẹ má gbàgbé ìyẹn o, torí bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Miami, ẹ ti jáde nìyẹn). Ohun kan ṣoṣo ló kù tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi ránṣẹ́ sí wọn lójoojúmọ́: páàsì tí wọ́n fi ń wọ àwọn yàrá gbígbóná inú sípà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń wọ́ èèyàn lára tí wọ́n sì ń fi ooru sinmi, 199 dọ́là fún ẹnì kan. Bí ẹ bá ṣẹ́ dọ́là kan ní ₦1,500, ó ku díẹ̀ kó pé ₦300,000.

Èmi ló ń bi nítorí pé mo lọ irú ìrìnàjò yìí lọ́dún tó kọjá, mo sì ti ròyìn rẹ̀ títí ó fi sú àwọn ará ulé mi. (Ulé la ń pè é. Ọmọ Èkìtì ni mí, ẹ má bínú.) Mo ní kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, mò ń bọ̀ wá fi mọ́tò gbé e, a jọ ń lọ síbi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì. Ó ní kí ló kan Ìkógòsì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní kó ṣáà wọ bàtà tí kì í yọ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, a ti fi Ìyìn sẹ́yìn. Ó kan Ìgèdé, ó kan Àrámọ̀kọ, níbi tí a ti dúró ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ná lẹ́bàá títì. Bí ọ̀nà bá dára, kò yẹ kí Adó sí Ìkógòsì gba wákàtí kan. Ó gba wákàtí kan, ó sì lé. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí n ráyè rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí èmi àti ọmọ mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́dún tó kọjá, ẹrù wa kò tíì dé yàrá tí wọ́n fi ń kéde pé kí gbogbo èèyàn wá wo sípà, wọ́n máa fa orúkọ jáde nínú agbọ̀n, ẹni tí tirẹ̀ bá jáde, wọn á wọ́ ọ lára lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi àti ọmọ mi gòkè lọ. Kò sẹ́ni tó fa orúkọ wa. Ọmọbìnrin kan, ará Philippines, tó ń rẹ́rìn-ín sí wa bí ẹni pé a jọ jẹun lánàá, ló mú wa yí ibẹ̀ ká.

Yàrá kan wà tí wọ́n fi pákó tẹ́ lókè nílẹ̀, tó gbẹ, tó gbóná bí ààrò. Sauna nìyẹn, irú rẹ̀ máa ń tó 80°C sí 90°C. Èkejì kún fún oru omi débi pé o ò ní rí ẹni tó jókòó tì ọ́. Ooru tibẹ̀ kò ju bí 45°C lọ, ṣùgbọ́n torí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti mu omi yó, òógùn kì í ráyè gbẹ lára, ṣe ló ń ṣàn. Ó ń run bíi Robb. Ẹni tí wọ́n bá ti daṣọ bò mọ́ ìkòkò àgbo ibà rí kò ní ṣe àjòjì nínú yàrá yẹn, àfi pé lọ́dọ̀ ìyá wa àgbà, ẹkún la fi ń wọ̀ ọ́. Níbí, owó ni. Adágún kékeré kan tún wà tí omi ń fi agbára tú jáde lára ògiri rẹ̀, tó ń gbá èèyàn lẹ́yìn bí ìgbà tí ọmọ ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ìyá rẹ̀.

Àwọn àga ibẹ̀ ló wá mú mi lọ́kàn. Táìlì ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n gùn débi tí ẹsẹ̀ á fi nà tán, wọ́n tẹ̀ bí ẹ̀yìn èèyàn ṣe tẹ̀, ooru ń ti inú wọn wá, gbogbo wọn sì kọjú sí gíláàsì ńlá tó ń wo òkun. Mo ní kí n kàn jókòó wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nídìí bọ́ọ̀dù fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ mọ ibi tí ìdí ti ń dun olùkọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ooru yẹn lọ. Ọmọ mi fà mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dìde.

Ọmọbìnrin yẹn kọ 199 sórí bébà kan, ó fa ìlà méjì sí i nídìí. Ó ní ìwọ̀nba ni páàsì, bó bá tán, ó tán. Mo béèrè ti ọjọ́ kan. Ó ní wọn kì í ta ti ọjọ́ kan. Ọmọ mi ti na káàdì. Nínú ọkọ̀ yẹn ẹ kì í rí owó sójú. Káàdì tí ẹ fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá náà lẹ fi ń ra ohun gbogbo, ọjọ́ ìkẹyìn lẹ tó ń rí àròpọ̀ rẹ̀. Mo gba ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ èèyàn ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò lè wá sọ ọ́ nù lórí òkun. Mo bá a kà á. Bí a bá pín 199 sí méje, dọ́là 28 àti díẹ̀ ni lójúmọ́, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni ọjọ́? Ọ̀sán Sunday la wọlé, ìyẹn ti di ààbọ̀. Mọ́ńdè, orí omi. Túsìdeè, Jàmáíkà. Wẹ́sìdeè, Grand Cayman. Tọ́sìdeè, Cozumel ní Mẹ́síkò. Fúráìdeè, orí omi. Sátidé, Bahamas. Ní àwọn ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, a máa jáde láàárọ̀, a ó padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú oòrùn lórí àti iyanrìn nínú bàtà. Ta ló fẹ́ lọ jókòó sínú ooru lẹ́yìn ooru Jàmáíkà? Ọjọ́ méjì péré ló jẹ́ ọjọ́ gidi. 199 fún ọjọ́ méjì!

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n kéde: páàsì ọjọ́ kan ti wà, 49 dọ́là. Àwọn kan náà tó ní wọn kì í tà á. Ó bí mi nínú, n kò ní purọ́. Síbẹ̀ mo dìde kúrò nídìí ẹyin mi, mo sáré lọ ra ọ̀kan.

"Ẹ wá rà á?" Àbúrò mi ti bẹ́ sẹ́rìn-ín, ẹ̀pà lẹ́nu.

Mo rà á. Mo sì jẹ́ kó pé: wákàtí mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Mo sùn lórí àga táìlì. Bàbá òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó gbé ìwé lé ikùn, ìwé yẹn ń lọ sókè sódò bó ṣe ń hanrun. Kò sí orin, kò sí ọmọdé, torí wọn kì í gba ọmọdé wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé kí èèyàn má pariwo. Èmi ni mo wá pariwo. Korobá onípákó kan wà lókè níbi ìwẹ̀ tí okùn wà lára rẹ̀, mo rò pé okùn yẹn ló ń ṣí omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo fà á. Omi tútù nini lódindi korobá kan ló dà lé mi lórí, òun àti irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Igbe "Yéè, màámi ò!" tí mo ké, ó dájú pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ gbọ́ ọ. Bàbá onìwé jí.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀rín. Nígbà tí mo jáde nínú yàrá oru, òòyì kọ́ mi, mo di ògiri mú. Mo ti pẹ́ jù níbẹ̀, n kò sì mu omi. Ooru a máa jẹ́ kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ìfúnpá á wálẹ̀, bí èèyàn bá wá dìde lójijì, ojú á ṣú. Ibi tí mo dé nìyí tí mo fi yíjú sí àbúrò mi, torí òun ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo ní, "Wọ́n máa fún ẹ ní fọ́ọ̀mù kan. Wọ́n á bi ẹ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á bi ẹ́ nípa ọkàn, wọ́n á bi ẹ́ bóyá o lóyún."

"Oyún kẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Mo ní kó rẹ́rìn-ín tán, kó wá ronú sí i: bí dókítà rẹ̀ bá ní kó má wọ sauna, kó má wọ yàrá oru, kí ló kù nínú 199 yẹn? Àga ló kù. Ó dákẹ́ títí a fi kọjá Ẹ̀rìnjìyàn.

Kò jẹ́ pé mo ní owó yẹn kì í pé ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí ibi tó tutù, bíi Alaska tàbí Norway, tàbí tó ń gba orí Atlantic kọjá tí ẹ ó fi rí ọjọ́ márùn-ún, mẹ́fà láìrí ilẹ̀, ẹ rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kó tó tán. Lójú ìṣirò tèmi, ìgbà mẹ́rin 49 jẹ́ 196. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun á wọ̀ ọ́ nígbà márùn-ún ti jèrè. Àwọn ọkọ̀ kan sì wà tí kò tà á lọ́tọ̀ rárá: lórí ọkọ̀ òkun Viking, gbogbo èrò ló ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tilẹ̀ ní yàrá yìnyín níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Celebrity ní tiwọn fi í mọ́ owó àwọn tó bá gba yàrá AquaClass. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, ẹ yọjú sí ibi ìpààrọ̀ aṣọ àwọn tó ń ṣeré ìdárayá, ẹ lè bá sauna kékeré níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ kàn béèrè bí wọ́n ṣe ń múra wọ̀ ọ́ o. Nínú ọkọ̀ àwọn ará Jámánì, ìhòòhò ni wọ́n fi ń wọ sauna, tọkùnrin tobìnrin. Èmi ò sí níbẹ̀.

Ní Fúráìdeè mo tún lọ fún ọjọ́ kan mi kejì. Ó ti tán. Mo bá lọ sínú jacuzzi ọ̀fẹ́ tó wà lórí òrùlé ọkọ̀. Bí omi tinú lọ́hùn-ún ṣe gbóná náà ni tibẹ̀ ṣe gbóná, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń fọ́n omi síra wọn lójú, ọ̀kan tú sẹ́yìn mi. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé omi gbígbóná kọ́ ni wọ́n ń tà lókè yẹn. Ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń tà.

A dé Ìkógòsì. Owó géètì kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 199 dọ́là. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí: ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi ńláńlá, omi kan ń bọ̀ lápá kan, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, òmíràn ń bọ̀ lápá kejì, ó tutù, wọ́n pàdé, síbẹ̀ ẹsẹ̀ yín á ṣì mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Omi òjò tó wọ inú pàlàpálá àpáta lọ jìnnà nínú ilẹ̀ ló ń gbóná lọ́hùn-ún tó sì ń padà jáde. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní ìyàwó ọdẹ kan ni wọ́n, ìyáálé àti ìyàwó, ọ̀kan onínúfùfù, ọ̀kan oníwà tútù, wọ́n jà wọ́n sì di omi. Ní nǹkan bí 1952, míṣọ́nnárì Baptist kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ṣe àgọ́ síbẹ̀. Ooru omi náà tó bí 37°C, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wa dọ́gba. Adágún tí wọ́n ń tà fún mi lórí òkun kò gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí ni mo fẹ́ fi han àbúrò mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀: wò ó, ohun tí wọ́n fẹ́ gba ₦300,000 lọ́wọ́ ọmọ rẹ fún nìyí, ó ń ṣàn nílẹ̀ wa tọ̀sán tòru. N kò tíì yanu tí bọ́ọ̀sì méjì fi dúró lókè, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan sì tú jáde pẹ̀lú ìlù, fèrè àti kúlà mínírà. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún wọ́n ti kún ibi tí omi méjèèjì ti pàdé. Ọ̀kan ń kọrin, ogún ń gbè é. Ọmọkùnrin kan bẹ́ sínú adágún ìwẹ̀, omi rẹ̀ ta dé ara wa.

Àbúrò mi wá àyè díẹ̀ lórí òkúta, ó di bàtà mú lọ́wọ́ kan, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ki tòsì bọ títutù. Ó dijú. Ẹnì kan fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ó lajú.

"Àǹtí mi, èló lẹ pe ti ọjọ́ kan yẹn?"

Mo ní dọ́là 49, bí wọ́n bá gbà láti tà á.

Ó gbọn ọwọ́ nù, ó yọ fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀ ní Houston, ilẹ̀ tí kò tíì mọ́ lọ́hùn-ún. "Má tíì san 199 yẹn o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí dókítà ní Mọ́ńdè. Kí lo wí? Mi ò gbọ́ ẹ. Mo ní mi ò gbọ́ ẹ, ariwo ti pọ̀ jù níbí!"