Òróró Tí Kò Tẹ̀lé Èròjà Rẹ̀ Wọnú Omi

Láàárọ̀ yìí, ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Ẹ̀pẹ́, mo rí i tí òróró sóyà kúrò nínú èròjà tó yọ́ ọ láìjẹ́ pé wọ́n sè é.

Amine, irú kẹ́míkà kan tó ní náítírójìn nínú, ni èròjà náà, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọjà ẹja Olúwo lọ́sàn-án. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ń darí iṣẹ́ náà bu omi sí i, kò pò mọ́ omi rárá. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń fẹ́ gáàsì kábọ́ọ̀nù dàìọ́síáìdì sínú ìgò náà, ni amine ń wọnú omi díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku òróró nìkan lókè, tó mọ́, tó ń dán. Mi ò lè gbójú kúrò níbẹ̀.

Tí a bá ti lé gáàsì náà jáde, amine yóò tún yà kúrò lára omi, a ó sì tún un lò. Láti ọdún 2005 ni Philip Jessop, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi irú èròjà tí gáàsì yìí ń yí padà hàn. Hexane, èròjà tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń yọ òróró, ńṣe ni wọ́n ń sè é kúrò, ó sì tètè ń gbiná. Inú mi dùn gidigidi sí ọ̀nà tuntun yìí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?