Ọjọ́ àṣà ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi

Inú mi dùn débi pé mi ò lè dákẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ mi ń lọ níbí ní Amẹ́ríkà ṣe àjọ̀dún àṣà oríṣiríṣi lónìí, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ eré ìgbà ìwọ́wé. Ìró àti bùbá àdìrẹ lọmọ mi wọ̀, mo sì wé gèlè fún un.

September 15 sí October 15 ni wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó ní orírun Látìn Amẹ́ríkà sí. Olùkọ́ ní September 15 ni Guatemala, Honduras, El Salvador, Nicaragua àti Costa Rica ń ṣe àyájọ́ òmìnira wọn ti 1821. Ni ọmọ mi bá nawọ́ sókè: "Tiwa náà wà láàárín ẹ̀! October 1, 1960!" Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi wú.

Wọ́n jáde lọ ṣa ewé. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọ̀ ìyeyè yẹn ti wà lára ewé tẹ́lẹ̀? Àwọ̀ ewéko tútù (green) ló bò ó. Bí ojúmọ́ bá ń kúrú, tí òtútù ń dé, àwọ̀ ewéko yẹn á ṣá, ìyeyè á yọjú.

Ọmọ Íńdíà kan bá tèmi lẹ ewé mọ́ ìwé, tèmi kọ́ ọ bí a ṣe ń kí àgbà. Bó ṣe rí mi báyìí, ó kúnlẹ̀: "Ẹ káàsán, mà!" Àdúrà tí mo gbà fún un kò kéré.

Wọ́n ti ní kí n wá pa àlọ́ ìjàpá fún wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti gbà.