"Lopsided": Apá Ibo Ni Ó Fì Sí?

Láti òwúrọ̀ òní ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìtumọ̀ tí mo ń ṣe. "Lopsided" ni ọ̀rọ̀ náà, èyí tí wọ́n fi ń pe ohun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wúwo tàbí tóbi ju èkejì lọ, inú gbólóhùn kúkúrú kan tó ṣàpèjúwe àdéhùn onílé àti ayálégbé ni mo sì ti bá a pàdé. Lánàá, mo ti kọ ọ́ pé "àdéhùn náà kò dọ́gba", mo sì ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà lónìí, ọkàn mi kò gbà á. Ohun méjì lè ṣàì dọ́gba kí ọ̀kankan nínú wọn má sì fì. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò torí ìyẹn pe ọwọ́ ní "lopsided".

Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ní ọdún 1711 ni ó ti fara hàn nínú ìwé, tí wọ́n ń kọ ọ́ ní "lapsided", ọkọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wúwo ju èkejì lọ, tó sì ń tẹ̀ sínú omi ní apá ibẹ̀, ni wọ́n ń fi í ṣàpèjúwe. "Lop" tó ṣáájú nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó túmọ̀ sí kí a gé ẹ̀ka igi, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò. Ti kí nǹkan rọ̀ sílẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń pe ehoro tí etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni "wọ́", nítorí àwọn àgbà tó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó bá orí ọmọ mu dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé ẹ̀rín ènìyàn jẹ́ "lopsided", wọn a sì máa sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, nígbà tó jẹ́ pé bí mo bá kọ ọ́ pé ẹnu ẹnìkan wọ́, ohun tí òǹkàwé yóò rò ni pé àìsàn ló kọlù ú. Fún ẹ̀rín, "ó fì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan" ló tọ́.

Mo tún gbé "gbè" yẹ̀ wò, níbẹ̀ ni mo sì ti pẹ́ jù lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2001, Ọsirélíà fi góòlù 31 sí òdo na American Samoa, erékùṣù kékeré kan ní òkun Pàsífíìkì, ní ìlú Coffs Harbour ní Ọsirélíà, nínú ìdíje bọ́ọ̀lù láti yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Archie Thompson nìkan gbá 13 wọlé. Gbogbo òǹkọ̀wé eré ìdárayá ló lè pe irú àbájáde bẹ́ẹ̀ ní "lopsided" láìfi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀ràn ìwé ìrìnnà ló dá ọ̀pọ̀ àgbà agbábọ́ọ̀lù American Samoa dúró, tó fi jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ló bọ́ sí pápá. Bí mo bá wá lo "gbè", tàbí tí mo mẹ́nu kan ojúsàájú, mo ti sọ adájọ́ eré di ọ̀daràn láìṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò wá ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tí ojú rí nìkan ló ń sọ. "Unbalanced", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó sún mọ́ ọn, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n lè fi bú ènìyàn pé orí rẹ̀ kò pé.

Nítorí náà, "fì" ni mo mú. Ṣùgbọ́n bí mo ti kọ "àdéhùn náà fì sí apá kan" tán ni ìbéèrè dé: apá ta ni? Gẹ̀ẹ́sì lè dákẹ́ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n etí Yorùbá ń retí ìdáhùn, mo sì fẹ́ràn èdè mi gidigidi fún un. Mo padà sí ojú ìwé tó ṣáájú, mo sì rí i pé ayálégbé ni yóò máa tún ilé ṣe, pé onílé lè lé e jáde nígbàkigbà tó bá wù ú, àti pé òun ayálégbé kò gbọ́dọ̀ kó kúrò kí ọdún tó pé. Mo pa gbólóhùn àná rẹ́, mo sì kọ ọ́ pé: "Apá ọ̀dọ̀ onílé ni àdéhùn náà fì sí."