Mo lọ gbin irun ní Istanbul

Láti kékeré ni wọ́n ti ń di irun mi le koko, tí ojú á máa fà mí. Kí n tó pé ẹni 40 ọdún, ẹ̀gbẹ́ iwájú orí mi ti pá. Iye tí wọ́n pè é ní Istanbul kò tó ìdajì ti London, ilé ìtura sì wà nínú rẹ̀. Mo gbéra.

Ní pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀, àwọn ọkùnrin tó di báńdéèjì mọ́rí kún ibi gbogbo, ipàkọ́ wọn pọ́n. N kò rí aláwọ̀ dúdú kan láàárín wọn. Ó yẹ kí n ti fura.

Ní ilé ìwòsàn tí mo lọ, ògbufọ̀ wọn fi fótò iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn mí. Mo wò ó títí, irun tó gùn tọ́ọ́rọ́ ni gbogbo rẹ̀. "Àwa dúdú ńkọ́?"

"Irun ni irun ń jẹ́, màdáámù."

Rárá o! Irun tiwa ká títí dé abẹ́ awọ. Ìpàkọ́ ni wọ́n ti ń yọ irun tí wọ́n á gbìn síwájú, irin róbótó tí kò fẹ̀ tó mìlímítà kan ni wọ́n sì fi ń yọ ọ́. Bí wọ́n bá tì í wọlé tààrà bíi ti irun òyìnbó, ìdí irun tó tẹ̀ lábẹ́ ni yóò gé, èyí tó bá sì gé, kò dájú pé yóò hù mọ́.

Mo tún fi etí òsì mi hàn án, níbi tí wọ́n lu tí àpá rẹ̀ wú bí ẹ̀wà. Keloid ni, àwa aláwọ̀ dúdú ló sì máa ń ṣe jù; ojú ibi tí irin bá lu lórí náà lè wú bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù wọn kò bi mí léèrè rẹ̀ rárá!

Mo fàáké kọ́rí: ẹ yọ 10 péré wò ná. Nọ́ọ̀sì tò wọ́n sórí òwú tútù, mo ní kó gbé e sún mọ́ mi. Mẹ́fà ti gé, kò ní ìdí, bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n já tí gbòǹgbò rẹ̀ kù sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Ó wò ó, ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Mo mọyì òótọ́ tó sọ. Ṣùgbọ́n £300 tí mo kọ́kọ́ san, wọn kò dá a padà. Ẹni tí kò mọ irun wa í ṣe, kí ló ń gbowó wa sí?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi orí tó jọ tiyín hàn yín. Ẹ fi fótò àpá ara yín ránṣẹ́. Ẹ bèèrè ẹni tí yóò di irin yẹn mú gan-an.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kadıköy, àdúgbò kan ní Istanbul, mo mu ọbẹ̀ lẹ́ńtìlì gbígbóná tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Ìyá tó bù ú fún mi fọwọ́ kan aṣọ àdìrẹ tí mo fi wérí, ó rẹ́rìn-ín, ó bu òmíràn sí i, kò gbowó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ara mi ti rọ̀.

Oṣù kẹta rèé. Alaalẹ́ ni mo ń fọwọ́ pa ojú 10 yẹn ní ìpàkọ́, bóyá ó ń wú.