Kí Ẹ Tó Gbé Rúlà Lé Egungun Ọwọ́ Ọmọ

Iṣẹ́ X-ray ni mo ń ṣe. Bí dókítà bá fura pé egungun ọmọ kan kò dàgbà bó ṣe yẹ, ọwọ́ òsì la sábà máa ń yà. Egungun 27 ló wà nínú ọwọ́ kan. 19 nínú wọn ló gùn bí ọ̀pá, márùn-ún ní àtẹ́lẹwọ́, 14 nínú àwọn ìka. Àwọn yẹn la ń wọ̀n ní mìlímítà, tí a ó sì fi wé ti àwọn ojúgbà ọmọ náà, ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin.

Ìka tó bá tẹ̀ díẹ̀ máa ń kúrú nínú àwòrán ju bó ṣe rí lọ. Nítorí náà, ọwọ́ tèmi ni mo kọ́kọ́ ń tẹ́ pẹrẹsẹ kí ọmọ wò ó, kí òun náà tó tẹ́ tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan. Egungun méjì kúrú lọ́wọ́ òsì rẹ̀, àwọn yòókù péye. A ti ń dárúkọ àrùn egungun àbímọ́ni lóríṣiríṣi, ìyá rẹ̀ kò sì lè gbójú sókè mọ́. Ìyá àgbà tó bá wọn wá ló là á: "Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe ọwọ́ tó wú bí àkàrà nígbà tó wà lóṣù mẹ́sàn-án nìyí? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi sunkún."

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n nínú wa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: SS ni, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ládìde. A ya ọwọ́ ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ péye, bẹ́ẹ̀ irú àrùn egungun àbímọ́ni tí a ń dárúkọ yẹn sábà máa ń kan ọwọ́ méjèèjì.

Lára ọmọ ọwọ́, mùdùnmúdùn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú àwọn egungun kéékèèké ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ SS bá dí ibẹ̀, ọwọ́ á wú, á sì máa ro ọmọ gidigidi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń lọ láìfi àpá sílẹ̀, àmọ́ nígbà mìíràn ó máa ń ba ibi tí egungun ti ń dàgbà jẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wa, bí a ò tiẹ̀ béèrè. Ní tèmi, láti ọjọ́ yẹn, n kì í ya ọwọ́ ọmọ kankan kí n má kọ́kọ́ bi ẹni tó gbé e wá pé: "Ọwọ́ yìí, ṣé ó wú rí?"