Ẹ Dín Ẹrù Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Kù

Kubwa, Sátidé, oṣù Ẹrẹ́nà

Èsì ìṣirò tí láptọ́ọ̀pù mi dá padà fún àwọn olùwádìí sáyẹ́ǹsì lọ́sẹ̀ yìí ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, bẹ́ẹ̀ ìdajì ẹrù tí mo ń gbé lé e tẹ́lẹ̀ ni mo ń gbé lé e báyìí. Iṣẹ́ mẹ́rin ló máa ń ṣe pa pọ̀; mo sọ ọ́ di méjì. Mo jókòó ti àkọsílẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo fara balẹ̀ kà á látòkè délẹ̀, inú mi sì dùn gan-an.

Fún ẹni tí kò bá tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí: BOINC ni mo ń sọ, ètò tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley ṣe. Ẹni tó bá fi í sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ á yan ìwádìí tó wù ú. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá àwọn olùwádìí, á fi iṣẹ́ kéékèèké ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà á máa ṣírò rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á sì dá èsì padà. Kò sówó níbẹ̀. SETI@home, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Èbìbí 1999 láti wá àmì ẹ̀dá olóye lójú ọ̀run, ló sọ irú iṣẹ́ yìí di ohun tí ayé mọ̀. Wọ́n dáwọ́ pípín iṣẹ́ dúró ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà 2020, àmọ́ àwọn mìíràn ṣì ń bá a lọ. Einstein@Home tí èmi ń bá ṣe báyìí wà lára wọn. Ní 2010, kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní Ames ní ìpínlẹ̀ Iowa àti ti ọkùnrin kan ní Mainz ní Jámánì ló bá wọn rí ìràwọ̀ tó ń yí bíríbírí kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Kọ̀ǹpútà ilé ni o. Nǹkan tí èmi náà ní nílé ni.

Àmọ́ kì í ṣe ìràwọ̀ ló fà mí wọ̀ ọ́. Òjò ni. Ẹni tó bá ń gbé Abuja mọ̀ bí òjò ìlú yìí ṣe ń ṣe: ó lè rọ̀ ní Kubwa kí gọ́tà kún bò, kí eruku ṣì máa sọ ní Wuse. Ọ̀pọ̀ ìṣirò ojú ọjọ́ kì í rí òjò kékeré bẹ́ẹ̀, torí pé ilẹ̀ tí wọ́n ń kà sí ojú kan ti fẹ̀ jù. Ní 2019, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Delft ní Netherlands gbé Africa Rainfall Project kalẹ̀ lórí World Community Grid, ètò kan tó ń kó irú ìwádìí báyìí jọ sórí BOINC, kí wọ́n lè ṣírò òjò ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ tó ń gbin ọkà bàbà lọ́nà Zuba kò ní ẹ̀rọ ńlá tó máa ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà tí mo gbọ́ pé láptọ́ọ̀pù mi lè wà lára àwọn tó ń ṣe é, mi ò lè jókòó.

Iṣẹ́ òjò yẹn ló kọ́ mi ní nǹkan tí mo ń lò títí dòní. Ó wúwo, ó ń gba RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì máa ń pẹ́. Èsì ìpele kan ni wọ́n tún fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpele tó kàn, nítorí náà bí tèmi bá pẹ́, àwọn tó kàn dúró dè mí. Láti ìgbà yẹn, mi ò ka bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ kára sí mọ́. Ohun tí mo ń wò ni èsì tó dé lásìkò, tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì gbà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń fún kọ̀ǹpútà méjì ṣe kí wọ́n lè fi èsì wọn wéra. Bí ọ̀kan bá pẹ́ jù tàbí tí èsì rẹ̀ kò bára mu, wọ́n á fún ẹlẹ́kẹta, iná tí ẹni àkọ́kọ́ jó á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Prósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù mi, ìyẹn CPU, ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò, jẹ́ Core i5 ìran kejì, irú èyí tí Intel gbé jáde ní 2011. Core méjì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣírò nínú rẹ̀, ló ní, ṣùgbọ́n ó ń fi ara rẹ̀ hàn bí mẹ́rin. Hyper-Threading ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yẹn, ó sì wúlò fún ẹni tó ń tẹ̀wé tó sì tún ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, torí bí iṣẹ́ kan bá ń dúró de nǹkan, òmíràn á lo àyè rẹ̀. Ìṣirò ìwádìí kì í sábà dúró bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ méjì tó wà lórí core kan á jọ máa du ibi ìṣirò kan náà, wọ́n á sì máa lé ẹrù ara wọn jáde nínú cache, ìyẹn ìrántí kékeré tó wà nínú prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní RAM dáadáa, mẹ́rin lè ṣì mú èrè díẹ̀ wá. Lórí tèmi tó ní 4GB àti háàdì dísìkì àtijọ́, RAM á kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sórí dísìkì, á tún máa kó o bọ̀. Ìrìn àjò yẹn ló ń jẹ gbogbo àkókò. Iṣẹ́ tí à ń pè ní mẹ́rin kò tó méjì.

Ooru ló tún kù. Prósẹ́sọ̀ yìí, tó bá ti gbóná tó nǹkan bí 100°C, á dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Olówó rẹ̀ ò ní mọ̀. Á kàn máa rò pé ó ti gbó. Ọyẹ́ tó kọjá sì ti fi eruku dí ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ pátá. Mo gbé e lọ sí Banex, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Abuja, sọ́dọ̀ àbúrò kan tó máa ń bá mi tún un ṣe. Ó fi ìka di fáànù mú kó má baà yí, ó fẹ́ eruku jáde, ó ha thermal paste, ìyẹn ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀, tó ti gbẹ bí ẹ̀kọ kúrò, ó fi spirit àti òwú nu ojú rẹ̀, ó wá fi tuntun sí i, bíńtín.

Ó ní, “Àǹtí, ọ̀pọ̀ tó ń wá síbí láti ra òmíràn, eruku ló ń dà wọ́n láàmú.” Mo gbà á gbọ́, torí mo rí ohun tó jáde nínú tèmi.

Nínú BOINC, ibi méjì ló wà tí èèyàn ti lè dín iṣẹ́ kù, wọn kò sì jọra. Ọ̀kan ni ìpín iye CPU, èkejì ni ìpín àkókò CPU. Ti àkókò yẹn, ṣe ló máa ń mú iṣẹ́ dúró díẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀, kó tún dúró, ooru á sì máa lọ sókè sódò. Mo fi àkókò sílẹ̀ ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún, mo sọ iye di 50, ìyẹn méjì nínú mẹ́rin. Òmíràn wà tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí: bí nǹkan mìíràn bá ti ń lo ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún CPU lọ, BOINC á dúró. Lórí kọ̀ǹpútà kékeré, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan péré tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sókè sí 75, mo sì ní kí iṣẹ́ tó bá dúró máa wà nínú RAM, kó má baà padà sí ibi tó sàmì sí gbẹ̀yìn. Ìdajì ọjọ́ ni mo fi iṣẹ́ tó lè kó pamọ́ sí. Kò nílò jù bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé láti Bwari lọ́sàn-án, agùnbánirọ̀ ni. Ojú kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ló kọ́kọ́ bọ́ sí, Core 2 Duo tó ti rí ayé.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé eléyìí sọ́tọ̀. Iná tó ń jẹ ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ.”

Òótọ́ ló sọ. Prósẹ́sọ̀ rẹ̀ nìkan, 65W ni Intel kọ fún un, nígbà tí ti láptọ́ọ̀pù jẹ́ 35W, tó sì tún yára jù ú lọ. Mo sọ fún un pé mi ò ní tan jẹnẹrétọ̀ láé nítorí ìṣirò. Ẹni tó ń jó epo bẹntiróòlù láti fi ṣèrànwọ́ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kó tọ́jú owó epo náà. Mo ní, “Ṣùgbọ́n wo òkè ilé yìí. Bátìrì sólà ti ń kún kó tó di ọjọ́kanrí ní àsìkò yìí. Oòrùn tó kù ńkọ́?”

Ó dákẹ́, ó ronú, ó ní, “Ẹ fi aago sí i nígbà náà.”

A fi sí i lóòótọ́. BOINC gba èèyàn láàyè láti yan wákàtí tí yóò máa ṣiṣẹ́. A yan aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán. Iṣẹ́ kúkúrú tí gbèdéke rẹ̀ jìnnà nìkan ni màá máa gbà fún un, torí wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ kò lè sáré. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójoojúmọ́ nínú oṣù Agẹmọ, màá pa á títí ìkùukùu á fi kásẹ̀.

Àwọn agùnbánirọ̀ bíi tirẹ̀ ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń wà lásán lálẹ́, ó sì fẹ́ fi BOINC sórí ti àwọn tó bá gbà. Ó ti da gbogbo iye tí mo kọ sókè yìí kọ sínú fóònù rẹ̀. Mo ní kó má tíì lò wọ́n. Kó kọ́kọ́ wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbóná tó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, àṣẹ sensors á sọ fún un. Èyí tó bá ti ń sún mọ́ 100°C, kó gbé e lọ fún ẹni tó máa ṣí i ná.